Ta Ló Parí Ọkọ̀? Ìtàn Àga Mọ́tò láti Bọ́lẹ̀kájà dé Àga Oníná

Bọ́tìnnì kan wà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ń gba Yemetu kọjá lójoojúmọ́. Àwòrán àga ló wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú ìlà wíwọ́ mẹ́ta tó ń gòkè bí èéfín. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ò tiẹ̀ mọ ohun tó wà fún. Ẹni tó bá ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án gangan, nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ níwájú ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́, kò ní pẹ́ mọ̀. Ìdí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, òógùn á bò ó, á sì máa rò pé iná ti ń jó lábẹ́ òun. Tó bá dé ọ̀dọ̀ riwáyà, ọ̀rọ̀ náà kì í ju báyìí lọ:

"Ọ̀gá, ẹ bá mi wo àga yìí o, ó ń jó mi nídìí!"

"Ẹ má fòyà, ẹ̀gbọ́n. Híítà àga lẹ tàn. Òtútù ìlú wọn ni àwọn òyìnbó ṣe é fún. Ṣé kí n já a?"

"Ẹ já a dànù, jàre."

Bí wọ́n ṣe ń já wáyà náà ní Ìbàdàn, ẹlòmíì wà ní Toronto tàbí ní Manchester, ó sì lè jẹ́ ọmọ Yemetu pàápàá, tó ra ọkọ̀ tí kò ní irú àga bẹ́ẹ̀, tó ń wá ẹni tó máa bá a fi sí i kí ọ̀gìnnìtìn tó dé. Ẹnì kan ń yọ ọ́ kúrò, ẹnì kan ń fi sí i, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni. Àwọn méjèèjì ń tún ọkọ̀ ṣe kó lè bá ibi tí wọ́n ń gbé mu. Ohun tí a fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí kò ju pé mọ́tò kì í parí ní ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ibi tó bá dé, àti ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ ibẹ̀, ló ń parí rẹ̀. Bá a bá tọpa ìtàn àga nìkan, a ó rí i pé ó ti pẹ́ tí a ti ń ṣe iṣẹ́ náà, a ó sì rí i pé ẹ̀tọ́ kan wà nínú rẹ̀ tó fẹ́ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Mọ́tò tó dé láìsí àga

Rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901. Nígbà tó di 1906, ọ̀nà tí mọ́tò lè gbà ti wà láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́. Ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ wọ̀nyẹn náà ni W. A. Dawodu ní Èkó ń ta mọ́tò, tó ń tún un ṣe, tó sì ń kọ́ àwọn ọmọ wa níṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí òwò kòkó gbilẹ̀, lọ́rì di ohun tí oníṣòwò tó bá mọ ohun tó ń ṣe ò lè ṣe aláìní.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe odidi lọ́rì ló ń bá ọkọ̀ ojú omi dé. Ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ bíi Bedford àti Austin ń kó ránṣẹ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ́ńjìnnì, táyà, ọwọ́ tí wọ́n fi ń tu ọkọ̀, àti ṣáṣíì irin gbọọrọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tiwa ló ń kan ara sí i. Pákó ni ògiri rẹ̀, pákó ni òrùlé, pákó ni bẹ́ǹṣì tí èrò ń jókòó lé. Ẹ̀yìn ìyẹn ni akunlé á wá fi ọ̀dà kọ ọ̀rọ̀ ìwúrí tàbí ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ sí i lára. Ọkọ̀ yẹn ni gbogbo ayé wá mọ̀ sí bọ́lẹ̀kájà, nítorí ìjà tí kì í tán láàárín àwọn tó ń wọ̀ ọ́ àtàwọn tó ń gbèrò: bọ́ sílẹ̀ ká jà.

Ẹ wò ó dáadáa. Mọ́tò tí wọ́n tà láìsí àga rárá nìyẹn, àwa la fi àga sí i. Bẹ́ǹṣì náà kò rọ̀. Ẹni tó bá jókòó lé e láti Ìbàdàn dé Ifẹ̀ á na ẹ̀yìn dáadáa kó tó lè rìn. Ṣùgbọ́n ó bá iṣẹ́ ibí mu. Bí èrò bá pọ̀, èrò á jókòó. Bí ẹrù bá pọ̀, wọ́n á yọ bẹ́ǹṣì kúrò kí àpò kòkó lè ráyè. Bí pákó bá sì jẹrà, gbẹ́nàgbẹ́nà àdúgbò á pààrọ̀ rẹ̀ láì kọ lẹ́tà kankan sí ìlú òyìnbó. Ẹni tó ṣe ẹ́ńjìnnì kò mọ bí ọ̀nà Ìbàdàn ṣe rí. Ẹni tó kan àga mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ tí àga awakọ̀ yí padà

Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1972, apá òsì ọ̀nà ni a ń gbà ní Nàìjíríà, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe kọ́ wa. Àwọn tó yí wa ká, Dàhòmì tó di Benin lónìí, Niger, Chad àti Cameroon, apá ọ̀tún ni wọ́n ń gbà. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, ìjọba yí gbogbo wa sí apá ọ̀tún lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà àtijọ́ kò kú lọ́jọ́ náà o. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí i: kí wọ́n gbé ọwọ́ ìtukọ̀ láti ọ̀tún sí òsì, kí wọ́n gé dáṣíbọọ̀dù, kí wọ́n tún páìpù bíréèkì gbà, kí wọ́n gbé àtẹ̀mọ́lẹ̀ ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí òdì kejì. Títí di òní, ọkọ̀ tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Japan wá ṣì ń gba ọwọ́ wọn kọjá. Àga tí awakọ̀ ń jókòó sí á di ti èrò, ti èrò á di ti awakọ̀. Iṣẹ́ tó le ni, nítorí bí wọ́n bá ṣe é ní ìṣekúṣe, ẹ̀mí ló ń lọ sí i. Èyí tí wọ́n bá ṣe dáadáa, ẹni tó wọ̀ ọ́ ò ní mọ̀ pé wọ́n fọwọ́ kàn án rí.

Oòrùn Ìbàdàn àti àga 504

Ní àwọn ọdún 1970, owó epo rọ̀bì mú kí ìjọba dá ilé iṣẹ́ ìtòpọ̀ ọkọ̀ sílẹ̀. Peugeot wà ní Kàdúná, Volkswagen wà ní Èkó, Leyland sì wà ní Ìbàdàn ńbí. Peugeot 504 wá di ọkọ̀ ọ̀gá iléeṣẹ́, ọkọ̀ ìjọba, àti ọkọ̀ èrò tó ń sáré láti ìlú dé ìlú.

Ẹni tó bá wọ 504 rí lọ́sàn-án mọ̀ pé àga oníná ti wà ní Ìbàdàn kí a tó rí bọ́tìnnì rẹ̀. Rọ́bà tí wọ́n fi bo àga, bí oòrùn bá ti pa á fún wákàtí méjì, èèyàn ò ní lè fi itan kàn án. Ìdí nìyẹn tí táwẹ́ẹ̀lì fi wà lórí àga ọ̀pọ̀ ọkọ̀ nígbà náà. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni ìgbóná wa. Òtútù là ń sanwó rẹ̀.

Ẹni tó ra ọkọ̀ tí kò ní AC, tó sì rówó lẹ́yìn náà, á gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ kó bá a fi sí i. Wọ́n á wá kọ̀ńpírẹ́sọ̀ tí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì á máa yí, wọ́n á ro irin tó máa gbé e dúró, wọ́n á fi kọ̀ndẹ́ńsà síwájú radíétọ̀, wọ́n á gbé àpótí atẹ́gùn tútù sábẹ́ dáṣíbọọ̀dù, riwáyà á wá fa iná dé ibẹ̀. Ohun tí òyìnbó ń ṣe sí àga nítorí òtútù, òun náà là ń ṣe sí atẹ́gùn nítorí ooru.

Ibi tí ìgbóná ti wá

Àga oníná kì í ṣe nǹkan àná. Robert Ballard, tó ń ṣiṣẹ́ fún General Motors ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé ẹ̀tọ́ àtinúdá rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba ní 1951, wọ́n sì fún un ní ẹ̀tọ́ náà ní 1955. Ní 1966, Cadillac bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún ẹni tó bá fẹ́ san àfikún owó. Ilé iṣẹ́ Saab ní Sweden, níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀, ló wá fi sí àga awakọ̀ nínú ọkọ̀ 99 ti ọdún 1972 láìgba àfikún lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọdún tí àwa ń kọ́ bí a ṣe máa gba apá ọ̀tún ni àwọn ń kọ́ bí wọ́n ṣe máa jókòó sórí àga gbígbóná.

Nǹkan ọ̀hún kò ṣòro láti yé ni. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n tò káàkiri lábẹ́ awọ àga, láàárín awọ àti fóòmù. Iná kì í rọrùn láti gba inú wáyà náà kọjá. Bó ṣe ń fi agbára gbà á ni wáyà ń gbóná, bíi ti áyọ́ọ̀nù tí a fi ń lọ aṣọ. Nǹkan kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń ṣọ́ ìgbóná, tó máa ń já iná bó bá ti tó, tó sì máa ń dá a padà bó bá rọlẹ̀.

Kì í sì í ṣe pé ara wa kórìíra ìgbóná o. Ìyá ìkókó tó ti Adéọ̀yọ́ dé mọ ohun tí omi gbígbóná ń ṣe fún ara. Àgbàlagbà tí ẹ̀yìn ń ro mọ rírì aṣọ tí wọ́n rì sínú omi gbígbóná tí wọ́n fi ń jó o. Láàárọ̀ ọyẹ́, nígbà tí ètè ń ya, ẹlòmíì á tẹ bọ́tìnnì náà, á sì dákẹ́ pẹ́sẹ́. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí èèyàn fẹ́, ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n dì mọ́ ọn lọ́wọ́.

Bó ṣe dé Yemetu kò ṣẹ̀yìn owó náírà. Lẹ́yìn tí ètò SAP bẹ̀rẹ̀ ní 1986, tí iye náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun di ohun àwòmọ́jú fún òṣìṣẹ́. Ni ọkọ̀ àlòkù bá gba ìgboro. A fún un ní orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun: tòkunbọ̀. Kùtọnu ni ọ̀pọ̀ ń gbà wọlé, títí ìjọba fi ní kí ọkọ̀ má gba ẹnubodè ilẹ̀ wọlé mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ 2017. Ọkọ̀ tó lo ọdún mẹ́wàá nínú yìnyín Jámánì tàbí Kánádà ń dé pẹ̀lú gbogbo ohun tí wọ́n fi bá yìnyín jà. Bọ́tìnnì wa wà lára wọn.

Bọ́tìnnì afọ́jú

Àwọn ilé iṣẹ́ mọ́tò máa ń ṣe ọkọ̀ kan náà ní oríṣi mẹ́ta tàbí mẹ́rin: ti tálákà, ti ẹni tó rọ́wọ́ mú díẹ̀, ti ọlọ́lá. Ẹni tó ra ti tálákà á rí ihò kéékèèké lára dáṣíbọọ̀dù tí wọ́n fi ike dí, níbi tó yẹ kí bọ́tìnnì wà. Bọ́tìnnì afọ́jú la lè pè é. Lójoojúmọ́ ló ń rán olówó ọkọ̀ létí pé owó rẹ̀ kò tó.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń la ojú bọ́tìnnì náà lókè òkun. Àwọn kan á ra àga ọkọ̀ ọlọ́lá lọ́wọ́ àwọn tó ń tú ọkọ̀ tó ti ní ìjàǹbá, wọ́n á yọ tiwọn, wọ́n á fi ìyẹn dípò. Nígbà míì wọ́n á bá a pé wáyà ti wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì láti ilé iṣẹ́, nítorí ó máa ń rọrùn fún ilé iṣẹ́ láti fa wáyà kan náà sínú gbogbo ọkọ̀. Àwọn míì á ra aṣọ oníná pẹlẹbẹ, wọ́n á tú awọ àga wọn, wọ́n á tẹ́ ẹ sábẹ́ rẹ̀ níbi ìdí àti níbi ẹ̀yìn, wọ́n á tún awọ náà dè padà. Bọ́tìnnì tó bá ihò afọ́jú yẹn mu gẹ́lẹ́ ni wọ́n á wá fi síbẹ̀, kó lè dà bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i.

Bí àwọn oníṣẹ́ wa bá gbọ́ èyí, kò ní yà wọ́n lẹ́nu. Wọ́n ń sọ Toyota àti Lexus àtijọ́ di ti ọdún tuntun káàkiri Nàìjíríà: iná iwájú, bọ́ńpà, dáṣíbọọ̀dù, títí kan àga. Ẹni tó bá mọ ọjà páàtì ní Àrárọ̀mí, ní Géètì, tí kò jìnnà sí Yemetu rárá, mọ̀ pé ọkọ̀ tó kú ní ìlú kan lè di ojú, etí àti àga fún òmíì. Láti 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, wọ́n tún ti ń fi àgbá gáàsì CNG sẹ́yìn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún bẹntiróòlù. Gbogbo rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni.

Iṣẹ́ yìí ní òfin tirẹ̀ ṣá o, iná kì í sì í bá aláìgbọràn ṣeré. Bí àga kan bá ń jẹ wátì 60 lórí bátìrì fóòtì 12, ámpíà 5 ló ń fà. Àga méjì, ó di 10. Ẹni tó bá já irú ẹrù bẹ́ẹ̀ mọ́ wáyà tín-ín-rín tó wà fún iná inú ọkọ̀ ti ń dá iná. Wáyà tó nípọn ló yẹ kó ti ọ̀dọ̀ bátìrì wá, kí fíúùsì tirẹ̀ wà lẹ́bàá bátìrì, kí rílé máa gbé ẹrù náà kí bọ́tìnnì kékeré má baà yọ́, kí gbogbo rẹ̀ sì kú bí a bá ti pa ọkọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ bátìrì á kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí wáyà bá bíríìjì, fíúùsì ló yẹ kó kú, kì í ṣe ọkọ̀. Riwáyà tó fi wáyà lásán dí ipò fíúùsì tó jó ti lé ọlọ́dẹ lọ, ó sì ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún olè.

Abẹ́ àga ọkọ̀ òde òní tún ní ohun tó ju iná lọ. Wáyà aláwọ̀ ìyeyè tó wà níbẹ̀ ti àpò atẹ́gùn ni, èyí tó máa ń bú jáde bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀. A kì í fi tẹ́sítà yẹ̀ ẹ́ wò bí a ṣe ń yẹ iná ẹ̀yìn wò. Ẹni tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ yọ orí bátìrì, á dúró díẹ̀, kó tó fọwọ́ kàn án. Àga èrò iwájú sì sábà máa ń ní ohun tó ń mọ̀ bóyá èèyàn jókòó lé e. Bí a bá tẹ́ aṣọ oníná lé e lórí láìbìkítà, ó lè ṣi èèyàn mọ̀.

Ní 2011, àwọn dókítà tó ń tọ́jú ojú iná ní Amẹ́ríkà àtàwọn tó ń jà fún ààbò ọlọ́kọ̀ ké sí NHTSA, àjọ tó ń rí sí ààbò ọkọ̀ níbẹ̀, pé àga oníná ń jó àwọn tí ara wọn ò mọ̀ ọ́n lára mọ́: ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú, ẹni tí àtọ̀gbẹ ti pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìgbóná tó tu ẹnì kan lára lè bó ẹlòmíì láwọ. Nítorí náà, nígbà tí ẹni tó ní ìyá alátọ̀gbẹ nílé bá sọ fún riwáyà pé kó já híítà náà, ọgbọ́n ló fi sọ ọ́.

Ta ló ni àga?

Ìdí tí ìtàn yìí fi kan wa lónìí nìyí. Ní 2022, ayé gbọ́ pé BMW ti ilẹ̀ Jámánì ń ta ìgbóná àga bí ẹni ń ta káàdì fóònù. Ní South Korea, bíi dọ́là 18 lóṣù ni iye tí wọ́n kọ sí i. Wáyà ti wà nínú àga, bọ́tìnnì ti wà. Ilé iṣẹ́ ló fi kọ̀ǹpútà tì í pa títí owó fi máa wọlé. Ariwo sọ, èèyàn bínú, nígbà tó sì di 2023, BMW ní òun kò ní gba irú owó bẹ́ẹ̀ lórí àga mọ́. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n títi nǹkan pa láti òkèèrè kò bá ariwo náà lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi wé bọ́lẹ̀kájà. Ẹni tó ra ṣáṣíì nígbà náà ló ni ín pátápátá. Gbẹ́nàgbẹ́nà kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnì kankan kó tó kan bẹ́ǹṣì. Ẹni tó yí ọkọ̀ lẹ́yìn 1972 kò nílò kọ́kọ́rọ́ àṣírí. Lónìí, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun, bí riwáyà bá tiẹ̀ fi àga, wáyà, rílé àti fíúùsì síbẹ̀ bó ṣe tọ́ àti bó ṣe yẹ, ọkọ̀ lè ní òun kò mọ̀ ọ́n rí, títí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ á fi fọwọ́ sí i. Ní Massachusetts ní Amẹ́ríkà, àwọn olùdìbò ti fọwọ́ sí òfin lẹ́ẹ̀mejì, ní 2012 àti ní 2020, pé kí àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ jẹ́ kí olówó ọkọ̀ àti mẹkáníìkì tó bá yàn rí ohun tí wọ́n nílò láti tún un ṣe. Wọ́n mọ̀ pé bí ilé iṣẹ́ nìkan bá ló lè ṣí ọkọ̀, ẹni tó rà á kàn háyà rẹ̀ ni.

Bí èyí bá ká ará Massachusetts lára, mélòó mélòó ni àwa tí ọkọ̀ wa ti lo ọdún mẹ́wàá lọ́wọ́ ẹlòmíì kó tó dé ọ̀dọ̀ wa? Tòkunbọ̀ ọjọ́ iwájú ni ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń tì pa lókè òkun lónìí. Ìgbà tó bá dé Yemetu, ta ló máa ṣí i? Ọmọṣẹ́ tó lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ ọ̀gá, tí wọ́n ṣe frídọ́ọ̀mù fún, tí àwọn àgbà fi orúkọ Ògún súre fún, kò yẹ kó jẹ́ tẹ́sítà àti ẹ̀mú nìkan la ó fi lé e lọ́wọ́. Ó yẹ kó mọ kọ̀ǹpútà tó ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀, kó lè ka wáyà lórí ìwé, kó sì mọ ìdí tí fíúùsì fi wà. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wa lè kọ́ wọn. Ẹgbẹ́ àwọn riwáyà lè béèrè fún un. Àwọn aṣòfin wa náà lè kọ́gbọ́n lára àwọn tó ti ṣe é.

Yálà a fẹ́ kí híítà ṣiṣẹ́ nítorí ẹ̀yìn tó ń ro wá, tàbí a fẹ́ kí wọ́n já a nítorí oòrùn, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Àwa là ń jókòó sí àga náà. Àwa ló yẹ kó sọ bó ṣe máa gbóná tó.